Ẹni Tó Sanwó Kọ́ Ló Ni Èsì

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Òkun o, bí àwa ará Òkun ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ kú làálàá. Kàbbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí sí yín. Ó ti pé ọdún 19 báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù, èmi ni mò ń fa ẹ̀jẹ̀, èmi ni mò ń gba ìtọ̀, èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ wo kòkòrò ibà, ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi, Àǹtí Láàbù ni wọ́n ń pè mí.

Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé ìròyìn àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ fi ṣòwò ní Líbíà tàbí Málì jáde, mo máa ń kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ imigíréṣọ̀n, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ àwọn pásítọ̀ àtàwọn àfáà, ẹ máa ń bá àwọn òbí wí pé ojú ń kán wọn. Ẹ ò kì í sọ̀rọ̀ àwa. Àwa tá à ń fọwọ́ kan ọmọ náà kí wọ́n tó kó o lọ, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sì tún máa ń fọwọ́ kan án níbi tí wọ́n bá kó o dé, torí pé bó ti wù kí wọ́n tì í mọ́lé tó, ọjọ́ kan á wà tí ibà á gbé e dè, tàbí tí oyún á bà jẹ́ lára ẹ̀, wọ́n á sì mú un wá bá ẹnì kan tó wọ kóòtù funfun. Ọ̀rọ̀ àwa ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó sì dáa kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ara mi.

Ọdún 2016 ni, ọyẹ́ ń fẹ́, iná ò sí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ṣì ń bá jẹnẹrétọ̀ fà á nígbà tí mọ́tò kan dúró síwájú wa. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó múra dáadáa, ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tẹ̀lé e. Èyí tó kéré jù nínú wọn ò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ lójú tèmi, ṣùgbọ́n 20 ni ọkùnrin náà pè fún mi, 20, 20, 21, 22, òun ló ń pe ọjọ́ orí wọn, òun ló ń pe orúkọ wọn, èmi náà ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà bó ṣe ń pè é. Ó ní kí n ṣe HIV, kí n ṣe hẹpatáítìsì B, kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún, pé iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe lókè òkun, ọ̀gá tó fẹ́ gbà wọ́n ló bèèrè fún un. Ó yọ owó nínú báàgì, ó san ti gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò bẹ̀bẹ̀ pé kí n dín in kù. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú mi dùn gan-an, torí mi ò tíì rí oníbàárà kankan látàárọ̀.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ èyí tó kéré jù yẹn tutù bí omi àmù, mo rò pé abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù, mo ní kó má bẹ̀rù, kò ní pẹ́. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá wo ojú mi, ó ní, "Mà, ṣé òun lẹ máa fún?" Mo ní kí ni? Ó ní, "Èsì yẹn." Mo ní ẹ̀ẹ́n, ṣebí òun ló sanwó. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan mọ́.

Ìgbà tí èsì jáde, mo kó gbogbo ẹ̀ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó fọwọ́ sí rẹ́jísítà pé òun ti gbà á. Ọ̀kan nínú wọn lóyún. Bó ṣe rí i lójú ìwé báyìí, ojú ẹ̀ yí padà sí ọmọ náà, ó ní èyí ò lè lọ mọ́, ó ju owó ọkọ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó kó àwọn mẹ́ta yòókù sínú mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà Òkènè lọ. Ọmọ tó lóyún yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń sunkún, àánú ẹ̀ ṣe wá, lójú tiwa oríire ló fò ó dá. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ló bu omi fún un mu, òun lọmọ náà sọ fún pé iṣẹ́ irun ṣíṣe ni wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe, pé wọ́n ti gba irun abíyá àti èékánná àwọn lójúbọ kan, pé àwọn ti búra pé àwọn á san owó kan padà, òun ò tiẹ̀ mọ iye tí owó náà jẹ́ torí owó òyìnbó ni wọ́n fi pè é. Ìyá yẹn wá sọ fún mi. Mo gbọ́, mo ní áà, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Mi ò mọ ẹni tí mo lè pè. Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni náà. Ọmọ tá a rò pé orí ẹ̀ burú lọ́jọ́ yẹn ló padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí tẹ́ẹ̀sì wọn dáa, èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi lọ tà wọ́n.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé òfin wà lórí gbogbo nǹkan tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Òfin HIV ti ọdún 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ sọ pé àfi kéèyàn ṣe tẹ́ẹ̀sì HIV kóun tó gbà á síṣẹ́, ó sì sọ pé àṣírí ẹni tó ṣe tẹ́ẹ̀sì ni èsì ẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 náà sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ò gbọdọ̀ jáde sí ẹlòmíì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, àfi láwọn ibi díẹ̀ tí òfin náà ti là á sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń fẹ́ kéèyàn ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún un ní físà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọsibítù tí wọ́n yàn fún un, wọn kì í rán èèyàn lọ sí láàbù ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Tí mo bá ti mọ̀ ni, ǹ bá pe àwọn ọmọ yẹn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ǹ bá ti ilẹ̀kùn, ǹ bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èsì ẹ̀ sọ́wọ́ ara ẹ̀, àyè tí ọmọ kékeré yẹn ń wá ìbá yọ.

Kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà wọ́n bi àwọn obìnrin tó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n ṣòwò aṣẹ́wó léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 2014, nǹkan bí 88 nínú 100 ló ní àwọn dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera nígbà tí àwọn ṣì wà lábẹ́ ìdè. Ẹ gbọ́ ná, 88 nínú 100. Wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n rán ojú egbò wọn, wọ́n sì dá wọn padà fún ẹni tó mú wọn wá. Tó bá lè rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí ọsibítù wọn tóbi, tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ pẹrẹu, kí lẹ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń wo aláìsàn, tó tún ń kọ káàdì, tó tún ń fún wọn lóògùn?

Àwọn èèyàn wa rò pé ìgbà tí wọ́n bá kó èèyàn gba aginjù kọjá nìkan ló ń jẹ́ fífi ènìyàn ṣòwò. Kò rí bẹ́ẹ̀. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 fún ọ̀rọ̀ yìí, òfin tí wọ́n ń lò báyìí ni ti ọdún 2015, òfin yẹn ò bèèrè bóyá èèyàn sọdá bọ́dà tàbí kò sọdá. Tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn tàbí ipá tàbí gbèsè mú èèyàn láti abúlé kan lọ sí ìlú kejì kí wọ́n lè máa jẹ èrè lórí ara ẹ̀ tàbí iṣẹ́ ẹ̀, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 2 ló wà fún un, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní 250,000 náírà. Ẹni tó bá sì gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n wà fún òun náà, oṣù 6 ló kéré jù, ó lè tó ọdún 7. Mo mọ iye ilé tí ọ̀rọ̀ yìí máa bá wí láàárín wa, mo sì mọ̀ pé ilé àwọn tó mọ̀wé wà níbẹ̀, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an wà níbẹ̀.

Ẹ wo Kàbbà, oríta ni. Ẹ̀ẹ́ gba apá kan lọ sí Òmùò kẹ́ ẹ fi bọ́ sí Èkìtì, ẹ̀ẹ́ gba apá kan lọ Ọ̀bájànà títí dé Lọ́kọ́já, tẹ́ ẹ bá gba apá Ìsánlú ẹ̀ẹ́ já sí Ẹ̀gbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọrí sí Ìlọrin, Òkènè náà ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tó ń lọ sí Benin. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni àwọn tírélà àti ọkọ̀ akérò ń gbà tọ̀sán tòru. Ibi tí tírélà bá ti ń sùn, àwọn ọmọbìnrin máa ń wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Yàgbà, àwọn ọmọkùnrin tí ò ju ọmọ iléèwé lọ ń wọnú ihò, èmi náà ti fa ẹ̀jẹ̀ irú wọn rí, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fẹ́ẹ̀rẹ́ bí omi, ẹni tó mú un wá ló ń sọ pé àbúrò òun ni, ọmọ náà ò sì gbọ́ Yorùbá, ẹni tó pè é ní àbúrò ò gbọ́ èdè ọmọ náà.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tó máa ń dùn mí nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pín fún wa níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ẹni tí kò lè wo èèyàn lójú, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ẹni tí ẹlòmíì ń bá dáhùn ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ní Ìjùmú tàbí ní Búnú, ṣé ó máa ranjú mọ́ àgbà ni? Àǹtí ẹ̀ tàbí ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú dọ́kítà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń sanwó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, ìfẹ́ ni, ìwà ọmọlúàbí ni. Tá a bá fi ìwé yẹn ṣe òdiwọ̀n, gbogbo ilé ni a máa fẹ̀sùn kàn, ẹni tó yẹ ká rí gan-an á sì gba àárín wa kọjá.

Ohun tí èmi rí lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni pé ẹ má gbé e karí ojú tẹ́ ẹ fi wo èèyàn. Ẹ fi ṣe òfin ilé iṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, olówó àti tálákà, ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ alágbàṣe, pé ibì kan á wà níbi ìtọ́jú yìí tí aláìsàn ò ní mú ẹnikẹ́ni dání wọ̀. Ẹni tó bá bínú, ẹ ní òfin wa ni. Àwa onílàáàbù la ní ọgbọ́n tó rọrùn jù fún èyí, ìtọ̀ ni. Ta ló máa bá èèyàn wọ ilé ìtọ̀? Mo máa ń fún wọn ní ike, mo máa ń ní ẹ tẹ̀ lé mi kí n fi ibẹ̀ hàn yín, ìṣẹ́jú méjì yẹn ti tó. Nọ́ọ̀sì lè lo ìwọ̀n, ó lè lo aṣọ tí aláìsàn fẹ́ bọ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń ṣe síkáànì lè ní yàrá òun ò gba èèyàn méjì. Ẹni tí ò ní nǹkan kan pa mọ́ á jókòó, á máa tẹ fóònù ẹ̀. Èyí tó bá fàáké kọ́rí pé dandan òun gbọ́dọ̀ bá a wọlé dé ilé ìtọ̀, ẹ̀yin náà ẹ ti rí nǹkan.

Ẹ wá jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá dá wà, ẹ má bi í pé ṣé wọ́n ń fi ẹ́ ṣòwò ni. Kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun gbà pé òun jẹ gbèsè, pé màdáàmù òun ló ran òun lọ́wọ́. Ẹ bi í pé ibo lo ń sùn, èèyàn mélòó lẹ wà nínú yàrá, ta ló ń tọ́jú fóònù ẹ, ìgbà wo lo bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣé ọwọ́ ẹ lowó iṣẹ́ ẹ ń bọ́ sí, tó bá wù ẹ́ láti lọ sílé lónìí ṣé wọ́n á jẹ́ kó o lọ? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, mo ti rí ẹni tó bú sẹ́kún lórí ẹ̀ kí n tó parí ẹ̀. Ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń tàkúrọ̀sọ. Tí kò bá gbọ́ èdè yín, ẹ wá ẹlòmíì tó gbọ́ ọ láàárín òṣìṣẹ́, Ígálà ni o, Ẹbira ni o, Haúsá ni o, Fàráńsé ni o, ẹ pè é lórí fóònù tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú un wá ò gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀ láéláé.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu. Ọmọkùnrin ọdún 21 kan tó ń tajà lójú pópó l'Èkó ni wọ́n mú lọ sí London kí wọ́n lè yọ kíndìnrín ẹ̀ fún ọmọ sẹ́nétọ̀ náà tó ń ṣàìsàn, wọ́n ní ìbátan ọmọ náà ni. Gbogbo ìwé pé, físà pé, owó wà nílẹ̀. Dọ́kítà kan ní ọsibítù Royal Free ló jókòó ti ọmọkùnrin náà, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó rí i pé kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i lára délẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ dọ́kítà yẹn, kì í ṣe ọlọ́pàá, ìbéèrè ló fi dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin náà sá lọ bá àwọn ọlọ́pàá fúnra ẹ̀, lọ́dún 2023 ilé ẹjọ́ wọn níbẹ̀ dá ọdún 9 àti oṣù 8 fún sẹ́nétọ̀, ọdún 4 àti oṣù 6 fún ìyàwó ẹ̀, ọdún 10 fún dọ́kítà tó bá wọn ṣètò ẹ̀. Dọ́kítà kan ló bá wọn gbé e kalẹ̀, dọ́kítà míì ló kọ̀ ọ́, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbúra yẹn ńkọ́. Mo ti gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé irun abíyá ló máa pa ẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ọmọ yẹn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìyá ẹ̀ gbà á gbọ́, ó lè jẹ́ pé níwájú ìyá ẹ̀ ni wọ́n ti mú un búra. Ìbẹ̀rù yẹn lágbára ju ṣẹ́ẹ̀nì lọ. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Ọba Ewuare Kejì ti Benin ṣe lóṣù kẹta ọdún 2018 fi ṣe pàtàkì gan-an, kábíyèsí pe àwọn olójúbọ jọ, ó fi àwọn tó ń mú ọmọ búra fún òwò yìí gégùn-ún, ó sì ní òun ti tú àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀. Tí ọmọ kan láti apá ibẹ̀ bá wà níwájú yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ẹ sọ fún un pé ọba tó ni ilẹ̀ ti tú u. Ó lè ṣe é lóore ju parasitámọ́ọ̀lù lọ.

Ìtọ́jú ló kọ́kọ́ o, ká má gbàgbé. Òfin Ìlera yẹn náà sọ pé a ò gbọdọ̀ lé ẹni tó ń fẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì padà, owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti fipá bá a lò pọ̀, òògùn tó ń dènà HIV wà, àmọ́ wákàtí 72 péré la ní, kó yá ló sì dáa jù, òògùn tó ń dènà oyún náà wà kó tó di wákàtí 120. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ rí lára ẹ̀ sínú fáìlì, àpá àyọ́ọ̀nù, ojú egbò sìgá, ibi tó wà àti bó ṣe tóbi tó, torí ó lè dé kóòtù lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ sì gbé fáìlì yẹn síbi tí ẹni tó mú un wá ò ti ní rí i.

Tó bá jẹ́ ọmọdé tí ò tíì pé 18, ẹ má bi í bóyá kẹ́ ẹ pe NAPTIP tàbí kẹ́ ẹ má pè wọ́n, ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà wọn ò le, 627 ni. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó sì ní òun ò fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ̀rù lè máa bà á nítorí àwọn àbúrò ẹ̀ nílé, òun ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà sórí bébà fún un, wọ́n á tú ẹrù ẹ̀ wò, wọ́n á sì lù ú. Ẹ ní kó kọ́ ọ sórí: ẹẹ́fà, eéjì, eéje. Mo máa ń ní kó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde.

Ẹ má sì ṣe akin àṣejù. Ẹ má dojú kọ ẹni tó mú un wá, ẹ má pariwo, ẹ má sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Ẹ sọ pé èsì ò tíì jáde, pé ó ku tẹ́ẹ̀sì kan, ẹ lọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ pe àwọn tó niṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìlú wa kéré, ẹni tó mú ọmọ náà wá lè jẹ́ ìyá ìjọ tàbí olóyè, ọ̀gá yín lè ní kẹ́ ẹ má dá òun lẹ́jọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó jẹ́ pé akọni kan ṣoṣo láá máa gbé e rù. Kí ọ̀gá pátápátá ọsibítù yan ẹnì kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè lọ sọ fún, kí ìpè náà ti ọ́fíìsì jáde.

Àwa náà ò mọ́ tán. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bẹ tó ń bá wọn gbẹ̀bí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tà nílé ìbímọ ayédèrú, àwọn onílàáàbù ń bẹ tó ń kọ èsì fún ẹni tí wọn ò fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, àwọn oníkẹ́míìsì ń bẹ tó ń fún màdáàmù lóògùn ìṣẹ́yún ní páálí-páálí láì bi í pé ta ló fẹ́ lò ó. Àwọn ẹgbẹ́ iṣẹ́ wa mọ̀, kí wọ́n yéé bo ara wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí náà, kó má dà bíi pé gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ òótọ́. Lóṣù tó kọjá ìyá kan láti Ìyàrà mú ọmọbìnrin kékeré kan wá, ó ń bá a dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, ọmọ náà gbẹ, mo fún un ní ike ìtọ̀, mo bá a lọ, mo bi í léèrè. Ọmọ àbúrò ìyá náà ni lóòótọ́, síkùú sẹ́ẹ̀lì ló ń bá ọmọ náà jà. Ọmọ náà wá dénú mọ́tò, ó ròyìn gbogbo ohun tí mo bi í. Ìyá yẹn padà wá, ó bá mi jà dáadáa, ó ní ṣé gbọ́mọgbọ́mọ lòun jọ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn torí ìbínú ẹ̀ tọ́. Aláìsàn tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, mo fún un ní ike, mo ní kó tẹ̀ lé mi.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí, ẹ̀yin alága káńsù wa ní Kàbbà/Búnú, ní Ìjùmú, ní Mópàmúrò, ní Yàgbà méjèèjì, a ò bèèrè ilé alájà mẹ́ta. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì la fẹ́ ní ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, kọ́tìnnì ò tó, ọ̀rọ̀ ń gba inú kọ́tìnnì jáde. Kí àwọn iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé fi ọ̀rọ̀ yìí kún iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn, kí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Kí NAPTIP wá bá wa níbí ní Òkun, kí wọ́n má dúró sí Àbújá kí wọ́n máa retí wa. Àwọn oníkẹ́míìsì gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, torí ọ̀dọ̀ wọn làwọn èèyàn ń kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ ò sì dé ọsibítù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Rẹ́jísítà ọdún 2016 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá orúkọ wọn gan-an ni, ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ló sì wà níwájú gbogbo ẹ̀. Ní báyìí mo ti fa ìlà sínú rẹ́jísítà tuntun, olúkúlùkù ló ń fọwọ́ sí tiẹ̀, ẹni tí ò mọ̀wé á tẹ ìka.

Ẹ̀yin olóòtú wa, ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá wa tẹ 627 yìí ní lẹ́tà ńlá nínú ìwé ìròyìn yín, kẹ́ ẹ fi gbólóhùn kan sí i lábẹ́ pé ẹni tó bá wà lábẹ́ ìdè lè pè é. Mo máa gé e, mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ wa, níbi tí èèyàn ti máa ń dá wà.

Èmi ni tiyín,
Àǹtí Láàbù,
Kàbbà.